Má Tíì Jẹ́ Kí Ó Wó Ògiri Yẹn

Gwagwalada,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi, àkànṣe ọmọ bàbá rẹ̀,

Kí o tó ka ìlà kejì, jókòó. Mo mọ̀ ọ́. Ìdúró lo máa ń ka nǹkan, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á sì wà lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ohun tí à ń kà ní ìdúró. Mo tún mọ̀ pé Yorùbá tí mo fi kọ ọ́ máa fún ọ níṣẹ́ díẹ̀, nítorí Àbújá la ti tọ́ ọ, etí rẹ gbọ́ èdè yìí ju bí ojú rẹ ṣe lè kà á lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohun tí ènìyàn bá rọra kà ló ń pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le jù, pe ọkọ rẹ kí ó bá ọ kà á. Ilé tiẹ̀ náà ni.

Ẹ kú oríire ilé, mo tún sọ ọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti ra ilé Lokogoma yẹn ni mo ti ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ kò mọ̀ pé ooru ń mú ènìyàn nídìí iná, ṣùgbọ́n ilé tó dára ni. Nítorí náà, nígbà tí o sọ fún mi lórí fóònù ní Sọ́ńdè pé o fẹ́ wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. O ní o ń wá kọngílá tó máa ṣe é. Mo ní, "Ṣé Délé ọmọ àbúrò mi kò sí ní Àbújá ni? Pè é. Ọmọ wa ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí mo fi sọ ọ́, mo sì padà sídìí ẹ̀wà tí mo ń ṣà.

Àná lo wá fi ohùn ránṣẹ́ pé Délé ti wá wo ilé. O ní ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ má dààmú ara yín. Ògiri tí wọ́n fi pín yàrá lásán ni. Kò gbé nǹkan kan. Sátidé la máa wó o." Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé má tíì jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀, o sì dá mi lóhùn pé, "Ah-ah, Màámi! Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n pè é. Ṣé kì í ṣe ọmọ wa mọ́ ni?" Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ lẹ́yìn. Ẹ rẹ́rìn-ín mi tó, mo jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè fèsì lórí fóònù, nítorí èsì náà gùn, ó sì ti lo ọdún púpọ̀ nínú mi. Òun nìyí. Mo fi rán ẹnì kan nínú ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Idu, kí ó lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí Sátidé tó dé.

O rántí òpó tó wà láàárín ilé ìdáná wa níhìn-ín. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ lẹ ti fi ṣe ẹlẹ́yà rí. Ara rẹ̀ la ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì bí ẹ ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí ẹ bá bi mí pé ta ló ń fi òpó sáàárín ilé ìdáná, mo máa ń sọ pé ọ̀ṣọ́ ni. Irọ́ ni mo pa. Kò sí aṣiwèrè tó máa fi òpó báyẹn ṣe ọ̀ṣọ́. Ògiri ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

O kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí a ra ilé yìí. Ilé ìdáná náà há, yàrá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ń kó iṣu sí. Mo ti rí ilé ìdáná ńlá tí olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan ní, ojú mi wá là jù. Mo fẹ́ kí a wó ògiri àárín, kí méjèèjì di ọ̀kan. Ní ìpàdé àwọn ará ìlú wa ni wọ́n ti nawọ́ sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bánkọ́lé. Wọ́n ní kọngílá gidi ni, wọ́n ní ọmọ wa ni.

Tíṣà ni mí nígbà náà o. Mo ti kọ ìbéèrè méje sínú ìwé pélébé kan, mo tò wọ́n bí ẹni fẹ́ ṣe ìdánwò fún kíláàsì. Bánkọ́lé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Okun o, Ìyá wa!"

Háà, Morẹ́nikẹ́. O kò lè mọ ohun tí ìkíni yẹn ṣe fún mi. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, "sànnu" ni mo ń kí ènìyàn ní Gwagwalada, "yauwa" ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹnì kan wá dúró nínú pálọ̀ mi, ó sì kí mi bí ìyá mi ṣe máa ń kí mi. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo gún iyán fún un. Ìwé ìbéèrè méje wà ní dídì létí aṣọ mi, n kò tú u títí ó fi jẹun tán tó sì lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo bi í ni bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe.

Òun náà fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ògiri. Òun náà ní kò gbé nǹkan kan.

Bíríkìlà kan wà tó ń mọ ọgbà aládùúgbò wa nígbà yẹn, Màlámù Dáudà, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yọjú wò wá láti ojú fèrèsé, ó ní, "Kai! Madam, sànnu. Abeg, no touch this wall o. Na him dey carry upstairs." Ògiri yẹn ló gbé òkè, ohun tó sọ nìyẹn, tààrà. Mo wo ojú Bánkọ́lé. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí sí èdè ilé wa, ó ní kí n má dá a lóhùn, pé iṣẹ́ ló ń wá. Mo sì gbà á gbọ́! Èmi tí mo kàwé. Mo sọ fún Màlámù pé a ti ní ènìyàn tiwa, ẹ ṣeun. Ó mi orí, ó padà sídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Sátidé ni wọ́n wó o. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń fẹ́ ìrẹsì, nígbà tí mo gbọ́ ìró kan bí ẹni ń ya aṣọ. Dẹ́kìn òkè, kankéré tó jẹ́ ilẹ̀ yàrá òkè, ló ń sán. Bánkọ́lé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá jáde. Kò pẹ́ tí apá kan fi já lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́ kù, mo fi ìyókù sí ìparí lẹ́tà yìí. Má fò lọ síbẹ̀. Mo ti bá ọmọ iléèwé gbé fún ọdún tó pọ̀, mo mọ̀ yín.

Jẹ́ kí n wá ka àṣìṣe mi fún ọ, kí o lè yẹra fún wọn.

Èkíní ni ti ìkíni. Ó yẹ kí o mọ̀ pé agbára ni "okun" túmọ̀ sí. Ohun tí àwọn bàbá wa ń tọrọ fún ara wọn nìyẹn. Ẹnu Bánkọ́lé ní okun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò ní. Bí ẹni tiwa bá wá, dáhùn ìkíni rẹ̀, fún un ní omi tútù, bi í léèrè ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o tú etí aṣọ rẹ, kí o sì mú ìwé ìbéèrè jáde. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìfẹ́ ará ilé kò ní kí á di ojú.

Èkejì, àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Bi í pé ilé ta ló ti ṣe, kí o sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ. Délé máa fi àwòrán hàn ọ́ lórí fóònù, ilé tó ń dán gbinrin. Àwòrán kì í jò. Ìwọ lọ lẹ́yìn òjò, kí o lọ láìjẹ́ pé òun tẹ̀lé ọ. Má bá baálé ilé sọ̀rọ̀, torí ọkùnrin máa ń yin ohun tó bá ti náwó sí. Bá ìyàwó ilé tó ń lo ilé ìdáná sọ̀rọ̀. Fi ìka kan táìsì ilé ìwẹ̀ wò bóyá ó ń dún bí àgbá òfìfo. Bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Kí o wá bi obìnrin náà ní ìbéèrè tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: "Nígbà tí nǹkan bàjẹ́ lẹ́yìn tó ti parí iṣẹ́, ṣé ó gbé ìpè yín?" Ojú rẹ̀ máa dáhùn kí ẹnu rẹ̀ tó dáhùn. Ilé mẹ́ta ni kí o dé. Bí ó bá ní òun kò lè rántí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé àwọn náà kò fẹ́ rántí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Kọngílá kì í po símẹ́ńtì, Morẹ́nikẹ́. Bi í pé ta ni bíríkìlà rẹ̀, ta ló máa so páìpù, ta ló máa fa iná, ọdún mélòó ni wọ́n ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ní kí ó jẹ́ kí o rí wọn. Àwọn tó ń dúró ní oríta láàárọ̀ tí wọ́n ń wá iṣẹ́ òòjọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọ̀pọ̀ wọn mọṣẹ́ ju ọ̀gá tó kó wọn wá lọ. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá bẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, oríta wo lo máa ti wá a? Bí o bá sì rí wọn, kí wọn dáadáa, fún wọn lómi, kí o sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, èdè yòówù kí wọ́n fi sọ ọ́. Ọkùnrin tí mo fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni mo lọ bẹ̀ nígbẹ̀yìn. Màlámù Dáudà ló mọ òpó yẹn láti fi gbé òkè ró. Mo ń retí kí ó sọ pé ṣé mo rí i báyìí. Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni, "Sànnu, Madam. God dey." Ìtìjú yẹn ṣì ń bẹ lára mi.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kí o há sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Dúró níwájú ògiri náà kí o bi kọngílá pé, "Kí ló wà lórí ògiri yìí?" Kí o má fi kún un. Ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, tó sì dá ọ lóhùn láti ibi tó dúró sí, sìn ín dé ẹnu géètì. Ẹni tó bá sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n gòkè lọ wò ó ná," ẹni tó wọn ìsàlẹ̀ tó wọn òkè, tó bi ọ́ pé ta ló ya àwòrán ilé náà, oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí gbogbo èsì rẹ̀ jẹ́ "kò sí wàhálà" ni kí o sá fún, torí n kò tíì rí iṣẹ́ ilé tí kò ní wàhálà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Bí ó tiẹ̀ gòkè pàápàá, kò tó. Ògiri tó wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹńjiníà ló gbọ́dọ̀ wò ó, kí ó kọ ohun tó rí sínú ìwé, kí ó fi orúkọ àti ọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Ìwọ ni kí o wá ẹńjiníà náà fúnra rẹ. Èyí tí kọngílá bá mú wá, ọ̀rẹ́ kọngílá ni. Kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ẹ́sítéètì yín àti lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ jẹ́ kí á ṣe é ní Sọ́ńdè nígbà tí gbogbo ènìyàn bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ yẹn.

Pe ènìyàn mẹ́ta. Ògiri kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í ṣe nítorí ẹni tó máa gba owó tó kéré jù. Nítorí kí o lè gbọ́ ni. Bí ẹni méjì bá ní ògiri gbé ẹrù tí ẹnì kan ní kò gbé e, o ti mọ ẹni tí o máa ṣọ́ra fún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó máa ṣe, irú símẹ́ńtì àti irin tó máa lò, ọjọ́ tó máa parí, ẹni tó máa kó àlàpà dànù, ẹni tó máa tún un ṣe bí ó bá sán. Owó á máa tẹ̀lé iṣẹ́ lẹ́yìn. Má jẹ́ kí ó ṣíwájú rẹ̀. Ọmọ wa tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí ìwé, ó ti ní ohun tó ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń jà nínú rẹ báyìí. O ń rò pé báwo ni o ṣe máa wo ojú Délé. Gbọ́, n kò pe Délé ní olè, n kò sì pè é ní ọ̀dájú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i, orí rẹ̀ sì tóbi nígbà yẹn ju bó ṣe rí báyìí lọ. Bi í ní gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí. Bí ó bá yege, kí ó ṣe é, èmi fúnra mi máa wá gún iyán fún un. Bí kò bá yege, ọmọ wa náà ni títí ayé, á bá wa jẹ, á bá wa mu, kò sáà ní fọwọ́ kan ògiri. Mo ti pe bàbá rẹ̀ kí ẹjọ́ má baà já lé ọ lórí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò fọkàn tán ọmọ yín ni?" Mo ní, "Mo fọkàn tán ọmọ mi. Ògiri ni n kò fọkàn tán." Ó wá ní kí n máa kí bàbá rẹ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti mú ti ẹbí, ìwọ mú ti ilé.

Ó kù díẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ìró aṣọ yíya yẹn, tí gbogbo ènìyàn ń sá jáde, ẹnì kan ń sá wọlé. Bàbá rẹ ni. O ti jẹun ọ̀sán, o sì sùn lórí ẹní ní yàrá òkè. Ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó gbé ọ, oorun ṣì wà lójú rẹ. Inú ilé ìdáná yẹn ni ọ̀nà àbájáde gbà. Ó ti ń kọjá lọ nígbà tí dẹ́kìn náà já, tó sì bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ọ sókè orí rẹ̀ títí mo fi dé. Eruku kún irun rẹ. O lajú, o ní kí á fún ọ lómi.

Ìwọ ló gbé lọ́wọ́, Morẹ́nikẹ́.

Òun ló ní kí á sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ọ̀kadà ló gbá òun. Ó ní bí ẹ bá mọ òótọ́, ìwọ á máa rò pé torí tìẹ ni òun ṣe ń tiro, àwọn àbúrò rẹ tó bá sì dé á máa wo ìyá wọn bákan, torí ìyá wọn ló ní ọmọ wa ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, o kò gun ọ̀kadà. Nígbà tí o wà ní yunifásítì níhìn-ín, o máa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ojú títì wálé nínú oòrùn, pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn. O máa ń sọ pé, "Màámi, ohun tó ṣe Dádì kò ní ṣe mí." Mo máa ń bu omi fún ọ. Ó dùn mí lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, nítorí irọ́ náà, àti nítorí pé mo tún la ẹnu yìí kan náà ní Sọ́ńdè tí mo sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tí kò kọ́gbọ́n.

Bàbá rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Mo ka lẹ́tà náà sí i létí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n fi kún un pé ẹsẹ̀ kò dun òun, àfi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé o wúwo nígbà yẹn, pé iyán lo jẹ.

Ẹ wá sọ́dọ̀ wa ní Sátidé, dípò kí ẹ máa wó ògiri. Mú Ayọ̀mídé ọmọ yín dání, kí á fi ṣọ́ọ̀kì wọ̀n ọ́n lára òpó bí a ṣe wọn gbogbo yín. Bí ó bá wù ọ́, gun ọ̀kadà wá láti ojú títì. Ọ̀kadà kò ṣe wá ní nǹkan kan rí. Ṣùgbọ́n kí o tó kúrò nílé, gòkè lọ wo ohun tó wà lórí ògiri yẹn. Ibùsùn ọmọ rẹ ni.

Okun o,
Ìyá rẹ.